Netbook Atom N270: ṣé kí n pa Hyper-Threading ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

#1 akọ̀wé_ẹgbẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní netbook àtijọ́ kan tí purosẹ́sọ̀ Intel Atom N270 wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB, Debian 12 (oríṣi Linux kan) ti 32-bit ni mo fi sí i. Òun ni mo fi ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, torí iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, ìnfátà kékeré ń gbé e títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n pa Hyper-Threading, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí core kan (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ nínú purosẹ́sọ̀) gba iṣẹ́ méjì, thread méjì, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ó ń jẹ bátìrì, ó ní ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń fi Spectre (ihò ààbò kan nínú purosẹ́sọ̀) jí ọ̀rọ̀ ìpamọ́, ó tún ní CPU méjì tí mo ń rí nínú htop (ètò tó ń fi iṣẹ́ CPU hàn) yẹn, ẹ̀tàn ni, pé ọ̀kan péré ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láago mẹ́sàn-án alẹ́, cron (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àsìkò tí a bá yàn) máa ń fi xz (ètò tó ń fún fáìlì pọ̀) di ìwé owó náà fún ìpamọ́. Mo ti fi `nice -n 19` sí i kó má baà dí mi lọ́wọ́, síbẹ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, LibreOffice á máa wọ́ bí ìgbín. Ìgbà yẹn gan-an ni mo sì máa ń ráyè jókòó ti ìwé owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo mọ terminal lò díẹ̀.

#2 ìsọ̀_lápútọ́ọ̀pù (9:10 alẹ́)

Àǹtí, ẹ pa á. Láti 2018 ni mo ti ń pa á lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá wọ ìsọ̀ mi. OpenBSD (ètò ìṣiṣẹ́ kan tó gbájú mọ́ ààbò) pa á fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹfà ọdún náà. Nígbà tó di 2019, Chrome OS 74 náà pa á. Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ ààbò dunjú ló ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ò ní fi orí mi wé tiwọn.

#3 àgbà_kernel (9:31 alẹ́)

Ẹ má tíì pa nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àwọn wọ̀nyí, kí ẹ lẹ èsì rẹ̀ síbí:

`grep -E 'siblings|cpu cores' /proc/cpuinfo`
`cat /sys/devices/system/cpu/cpu0/topology/thread_siblings_list`
`grep . /sys/devices/system/cpu/vulnerabilities/*`

#4 akọ̀wé_ẹgbẹ́ (9:44 alẹ́)

Ẹ ṣé, bàbá. Èyí ni mo rí: `siblings : 2`, `cpu cores : 1`. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jáde bẹ́ẹ̀. Ìkejì mú `0-1` wá. Ìkẹta gùn, ṣùgbọ́n níwájú meltdown, spectre_v1, spectre_v2, l1tf àti mds, `Not affected` ló kọ sí gbogbo wọn.

#5 àgbà_kernel (10:20 alẹ́)

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Kernel yín (ọkàn Linux) mọ̀ dájú pé core kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rọ yín. Ohun tí `siblings 2, cpu cores 1` ń sọ nìyẹn: CPU0 àti CPU1 jẹ́ ọmọ ìyá, inú core kan náà ni wọ́n ń gbé, ohun èlò kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Nígbà tí Intel gbé Hyper-Threading jáde ní 2002, lórí Xeon àti Pentium 4 ti 3.06 GHz, ibẹ̀ ni ẹnì kan ti lè sọ pé ẹ̀tàn wà, torí Windows 2000 kò mọ ìyàtọ̀. Bó bá rí méjì, ó gbà pé purosẹ́sọ̀ méjì gidi ni, á sì kó iṣẹ́ méjì lé core kan lórí nígbà tí core mìíràn wà lọ́wọ́ òfìfo. Windows XP ti mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Linux náà, nínú 2.6, bẹ̀rẹ̀ sí to CPU ní ìpele ìpele ní 2004: àwọn ọmọ ìyá tó wà nínú core kan ní ìsàlẹ̀, àwọn core lókè wọn. Ẹni tó bá ní Atom 330, tó ní core méjì àti thread mẹ́rin, á rí àǹfààní rẹ̀, torí kernel á pín iṣẹ́ méjì sí core méjì kó tó ronú àtikó wọn pọ̀ sójú kan. Lórí N270, kò sí core kejì tí ì bá yàn.

Ní ti Spectre, ọ̀rẹ́ yín fi aṣọ ẹlòmíràn wọ ẹ̀rọ yín. Meltdown, Spectre, L1TF, MDS, ara purosẹ́sọ̀ tó ń méfò ni gbogbo wọn ti ń jẹ, ìyẹn èyí tó ti ń ṣe iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dájú pé iṣẹ́ náà yẹ ní ṣíṣe. Core inú N270, tí wọ́n ń pè ní Bonnell, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà kan wà nínú kóòdù kernel, ní `arch/x86/kernel/cpu/common.c`, tí wọ́n kọ ATOM_BONNELL sí pẹ̀lú NO_SPECULATION lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà yẹn ló bí `Not affected` tí ẹ rí.

Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín: kì í ṣe gbogbo ewu ló ti inú ìméfò wá. Ní 2005, Colin Percival fi hàn pé thread méjì tó jọ ń lo cache (ibi ìpamọ́ kékeré inú purosẹ́sọ̀) kan náà lè ṣọ́ ara wọn, kí ọ̀kan fi bí cache ṣe ń yá tàbí ń lọ́ra mọ kọ́kọ́rọ́ tí èkejì ń lò. FreeBSD pa Hyper-Threading nítorí èyí lọ́dún náà. N270 náà ní cache tí thread méjì jọ ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ ń lo ẹ̀rọ yìí, àjèjì kankan kì í wọlé sáré ètò tirẹ̀ sórí rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn kò tó kí ẹ tìtorí rẹ̀ pa á.

#6 ìsọ̀_lápútọ́ọ̀pù (10:33 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n OpenBSD kò yọ Atom sílẹ̀ nígbà tí wọ́n pa tiwọn.

#7 àgbà_kernel (10:41 alẹ́)

Òótọ́ ni, ìdí tí wọ́n fi ṣe é sì bá ohun tí Percival rí mu: wọ́n ní TLB àti L1 (àwọn ibi ìpamọ́ inú purosẹ́sọ̀) tí thread méjì jọ ń lò ti pọ̀ jù láti fọkàn tán. Wọ́n pinnu fún gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fi `hw.smt` sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tàn án padà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu yẹn. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo là ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbí, a sì mọ olówó rẹ̀.

#8 ọmọ_onídìrí (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ìsọ̀ ìdirun ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ọ̀nà tí mo fi ń ṣàlàyé nǹkan yìí fún àwọn tí mò ń kọ́ ní kóòdù, kí wọ́n má baà rò pé Hyper-Threading jẹ́ ohun kan náà níbi gbogbo.

Ẹ wo onídìrí kan tó jẹ́ pé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ orí yẹn ni yóò ṣe bá a lọ, ìlà kan tẹ̀lé èkejì, kì í fo ọ̀kan. Bí irun àfikún bá tán láàárín orí, tí wọ́n rán ọmọ lọ ra òmíràn lọ́jà, á ká ọwọ́ lẹ́rán títí ọmọ á fi dé. N270 nìyẹn. Ohun tó bá fẹ́, bí kò bá sí nínú cache rẹ̀ tó jẹ́ 512KB, á ránṣẹ́ sí RAM. Kí RAM tó dáhùn, aago purosẹ́sọ̀ ti lè lù ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sí nǹkan tó ń ṣe.

Ẹ wá gbé àga kejì síwájú onídìrí yìí, kí oníbàárà kejì jókòó. Nígbà tí ọmọ lọ ra irun fún ẹni àkọ́kọ́, á yí ọwọ́ sí orí ẹnì kejì. Onídìrí kò di méjì o. Ọwọ́ méjì náà ló ní, ìyàrí kan náà ló ń lò. Ohun tó parẹ́ ni ọwọ́ kíká.

Oríṣi onídìrí kejì wà. Bí irun bá tán, á fi ìlà yẹn sílẹ̀, á bọ́ sí iwájú orí kan náà, á ya ìlà, á fi òróró pa á, ohunkóhun tí kò bá nílò irun tuntun ni yóò ṣe. Onítọ̀hún ń fi orí kan ṣoṣo dí àlàfo ara rẹ̀. Àwọn purosẹ́sọ̀ ńlá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àga kejì kò fi fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ bó ṣe ran Atom kékeré lọ́wọ́. Ẹ wo ìtàn rẹ̀ náà: Atom dé ní 2008 pẹ̀lú Hyper-Threading, ó ń ṣiṣẹ́ létòlétò. Nígbà tí Intel gbé Silvermont jáde ní 2013, tí core Atom wá di oríṣi onídìrí kejì, wọ́n yọ Hyper-Threading kúrò nínú rẹ̀. Títí di N100 tó jáde ní 2023, core mẹ́rin ni, thread mẹ́rin náà ni.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ pa á lórí N270, àga kejì lẹ fẹ́ gbé kúrò lọ́dọ̀ onídìrí tó ń ká ọwọ́ lẹ́rán. Níbi tó ti wúlò jù lẹ fẹ́ pa á.

#9 ọ̀dọ́_Ìlọrin (7:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n ọmọ_onídìrí, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi Core 2 Duo ni. Mo rí `ht` nínú ìlà flags ní /proc/cpuinfo, ṣùgbọ́n CPU méjì péré ni htop ń fi hàn mí. Ṣé wọ́n pa á nínú BIOS ni? Báwo ni mo ṣe lè tàn án?

#10 ọmọ_onídìrí (7:20 àárọ̀)

Àbúrò, Core 2 Duo kò ní Hyper-Threading rárá. `ht` yẹn kàn ń sọ pé thread tó wà nínú purosẹ́sọ̀ yẹn lè ju ọ̀kan lọ; core méjì gidi tó o ní ti tó láti mú kó jáde. Ìlà méjì tí àgbà_kernel béèrè lókè ni kó o wò. Bí `siblings` àti `cpu cores` bá jẹ́ iye kan náà, kò sí i. Bí siblings bá pọ̀ jù, ó wà, ó sì wà ní títàn.

#11 waya_àti_iná (12:48 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló kàn mí, torí iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mo sì máa ń rí i tí àwọn ènìyàn ń wá ohun tó ń jẹ iná níbi tí kò sí.

N270 kì í jẹ ju 2.5W lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidigidi. Gbogbo purosẹ́sọ̀ náà nìyẹn, àti thread méjèèjì. Ẹ fi wé àwọn ohun tó yí i ká. Mo ní motherboard Intel D945GCLF kan nílé tí Atom 230 wà lórí rẹ̀, 4W ni purosẹ́sọ̀ yẹn. Irin pelebe lásán ni wọ́n gbé lé e lórí láti fa ooru rẹ̀, kò ní fáànù. Fáànù wà lórí motherboard náà o, ṣùgbọ́n orí chipset (ẹ̀yà tó so purosẹ́sọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà yòókù) ni wọ́n kàn án mọ́, torí 945GC tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń jẹ tó 22W. Ẹni tó bá ṣí àpótí náà fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé abẹ́ fáànù ni purosẹ́sọ̀ wà. Èmi náà fọwọ́ kan méjèèjì kí n tó gbà. Chipset inú netbook kéré ju ìyẹn lọ, síbẹ̀ òun náà ń jẹ ju N270 lọ, ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ sì tún wà níbẹ̀. Àǹtí, bí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù díẹ̀, ẹ ti rí ju ohun tí ẹ lè rí nínú pípa Hyper-Threading.

Ó tún kù. Core kì í wọ oorun jíjìn àfi bí thread rẹ̀ méjèèjì bá sùn. Bí ọ̀kan bá lajú, àwọn méjèèjì ló lajú. Torí náà, kí iṣẹ́ méjì jọ ṣe pọ̀, kí wọ́n tètè parí, kí core sùn pátápátá, ó lè dára fún bátìrì ju kí wọ́n máa tẹ̀ léra fún ìgbà pípẹ́. Ní ayé àwọn kernel àtijọ́ pàápàá, bí ẹ bá fi àṣẹ pa CPU1, inú oorun fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa jókòó sí, kò sì ní jẹ́ kí core lọ jìnnà. Wọ́n ti tún ìyẹn ṣe tipẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn "pa á kí bátìrì lè pẹ́" kò kú pẹ̀lú rẹ̀.

#12 àgbà_kernel (1:15 ọ̀sán)

Ohun tí waya_àti_iná sọ jẹ́ kí n rántí pé Linux nígbà kan ní bọ́tìnì kan fún èyí gan-an, `sched_smt_power_savings`. Bí ẹ bá tẹ 1 sí i, kernel á máa kó iṣẹ́ jọ sórí àwọn ọmọ ìyá kí core yòókù lè sùn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2012, nínú 3.5, torí kóòdù rẹ̀ ti di ìdìpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ tọ́jú mọ́. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ dára: ìgbà wo ló yẹ ká fọ́n iṣẹ́ ká, ìgbà wo ló yẹ ká kó o jọ?

#13 olùtọ́jú_ráútà (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má jẹ́ ká rò pé Atom nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní irú rẹ̀ lórí ògiri ilé láìmọ̀. Àwọn ráútà tí MediaTek MT7621 wà nínú wọn, core MIPS 1004Kc méjì ni, 880MHz, core kọ̀ọ̀kan sì ní thread méjì tí MIPS ń pè ní VPE. Bí ẹ bá fi OpenWrt (Linux fún ráútà) sí i, tí ẹ wọ inú rẹ̀, tí ẹ tẹ `cat /proc/cpuinfo`, processor mẹ́rin lẹ máa rí, pẹ̀lú `core : 0` àti `VPE : 1` àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ wọn. Létòlétò ni òun náà ń ṣiṣẹ́, onídìrí àkọ́kọ́ yẹn gẹ́lẹ́ ni.

Níbẹ̀, iṣẹ́ ètò ìṣiṣẹ́ ni kí àpò ọ̀rọ̀ tó ń wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì má jókòó lé CPU kan ṣoṣo lórí. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ti kún nígbà tí mẹ́ta yòókù ń sùn, `packet_steering` ni kí ẹ tàn nínú ètò network OpenWrt. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹnì kan bá ní ráútà òun kò lágbára, CPU kan ló ń dá ru ẹrù gbogbo ilé.

#14 ọ̀dọ́_Ìlọrin (5:03 ìrọ̀lẹ́)

Fóònù wa ńkọ́? Ṣé ó ní in?

#15 olùtọ́jú_ráútà (5:11 ìrọ̀lẹ́)

Rárá. ARM fi core kékeré àti ńlá sínú fóònù, bí iṣẹ́ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń yan èyí tó máa ṣe é. Wọ́n ṣe Cortex-A65AE tó ní thread méjì nínú core kan, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2018, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Intel pàápàá yọ Hyper-Threading kúrò nínú àwọn purosẹ́sọ̀ lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lunar Lake ní 2024.

#16 akọ̀wé_ẹgbẹ́ (8:30 alẹ́)

Olúwa á bùkún yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ Spectre ti kúrò lọ́kàn mi, ti bátìrì náà ti yé mi. Ó ku xz. Kí ló dé tí `nice -n 19` kò fi ṣe nǹkan kan?

#17 àgbà_kernel (9:05 alẹ́)

Ìbéèrè yìí ni mo ti ń retí, torí ibẹ̀ ni thread méjì inú core kan ti ń fìyà jẹ ènìyàn ní tòótọ́.

`nice` jẹ́ òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ tó wà ní nice 0 ní ìwọ̀n 1024 nínú kernel, èyí tó wà ní nice 19 ní 15 péré. Bí àwọn méjèèjì bá tò sórí ìlà CPU kan náà, xz kò ní rí tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àsìkò. Ṣùgbọ́n CPU kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. LibreOffice wà lórí CPU0, CPU1 ṣófo, kernel sì rí i pé xz ń dúró. Á gbé e síbẹ̀. Níbẹ̀, xz nìkan ló wà lórí ìlà. Ta ni wọ́n fẹ́ wọ̀n ọ́n mọ́? Á gba gbogbo àsìkò CPU1. Purosẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ nice. Lójú tirẹ̀, àga méjì ló wà níwájú òun, oníbàárà jókòó lórí méjèèjì, á sì pín ọwọ́ fún wọn dọ́gbadọ́gba. Ìwé owó yín àti ìdìpọ̀ òru wá di ẹgbẹ́.

Con Kolivas, dókítà ará Ọsirélíà tó ń kọ kernel níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, rí èyí láyé 2.6 ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kọ kóòdù tó ń dá iṣẹ́ tó ní nice dúró díẹ̀ bí ọmọ ìyá CPU rẹ̀ bá ń ṣe iṣẹ́ pàtàkì. Ó wọnú kernel fún ìgbà díẹ̀, ó tún jáde. Títí dòní, mo gbà pé ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Ẹ dán èyí wò: ẹ fi `taskset -c 0` síwájú xz, ẹ sì ṣí LibreOffice pẹ̀lú `taskset -c 0` náà. Kí àwọn méjèèjì wà lórí ìlà kan náà, kí òṣùwọ̀n lè ṣiṣẹ́.

#18 akọ̀wé_ẹgbẹ́ (Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́)

Bàbá, mo ṣe é. Ó yí padà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe rò. Bí mo bá tẹ nọ́ńbà sínú àpótí kan nínú ìwé owó, ó ṣì máa ń dúró bí ẹni tó ń ronú kó tó jáde. Èyí ni ìlà tó wà nínú cron mi:

`taskset -c 0 nice -n 19 xz -9 -k iwe-owo.tar`

#19 ọmọ_onídìrí (9:58 alẹ́)

Àǹtí, ohun méjì ni mo rí nínú ìlà yẹn.

Ẹ wo `-9`. Ní ìpele yẹn, xz ń gba 674MiB RAM láti di fáìlì. Nínú 2GB! Ìpele 6, tó jẹ́ pé òun ni xz ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, 94MiB ló ń gbà. LibreOffice ti lè máa lọ sinmi sórí dísíìkì nígbà tí xz bá gba àyè rẹ̀, bó bá sì fẹ́ padà, ẹ̀yin lẹ máa dúró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fáìlì tó bá kéré kì í rí àǹfààní kankan nínú 9. Tar yín tóbi tó báwo?

Èkejì, cron ló ń bẹ̀rẹ̀ xz yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣí LibreOffice. Kernel lè ti fi wọ́n sí agbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tẹ `man 7 sched`, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ autogroup sí: níbi tí agbo bá wà, àárín àwọn ará agbo kan náà ni nice ti ń wọ̀n. Láàárín agbo méjì, kò ní agbára. Systemd náà ń pa agbo tirẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àgbà_kernel sọ nípa ìlà CPU tọ̀nà pátápátá, ṣùgbọ́n kódà lórí ìlà kan náà, ó ṣeé ṣe kí xz gba ìdajì nítorí pé agbo rẹ̀ tó agbo yín.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, ká fún un ní ààlà. Láti cron ti root:

`systemd-run --scope -p CPUQuota=30\% xz -6 -k iwe-owo.tar`

Kí ẹ fi ọ̀nà tó lọ tààrà sí fáìlì yín síbẹ̀ o, torí cron kò mọ ibi tí ẹ wà. Ààlà yìí kò bìkítà nípa agbo tàbí ìlà. Nínú àsìkò kúkúrú kọ̀ọ̀kan, bí xz bá ti lo ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lórí CPU, wọ́n á ní kó jókòó. Nígbà tó bá jókòó, àga kejì ṣófo, onídìrí dojú kọ ìwé owó yín nìkan.

#20 àgbà_kernel (10:12 alẹ́)

Ọmọ_onídìrí tọ̀nà, mo gbàgbé agbo. Ẹ tẹ̀lé ìyẹn. Ẹ yọ taskset kúrò níbi méjèèjì, kò sí ohun tó tún ń ṣe mọ́.

#21 ọ̀dọ́_Ìlọrin (10:20 alẹ́)

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹnì kan ṣe lè mọ̀ bóyá Hyper-Threading ń ṣe é láǹfààní, láìjẹ́ pé ó kàn gba ọ̀rọ̀ gbọ́?

#22 ọmọ_onídìrí (10:37 alẹ́)

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mú fáìlì ńlá kan, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kejì. Di wọ́n pẹ̀lú xz lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èkejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èkíní bá parí, kó o fi `time` wọn àsìkò. Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 20 ni àwọn méjèèjì gbà pọ̀. Bí wọ́n bá jọ parí ní ìṣẹ́jú 15, ó ti fún ọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ 20 náà, kò ṣe nǹkan kan fún irú iṣẹ́ yẹn. Bó bá ju 20 lọ, àwọn méjèèjì ń lé ara wọn jáde nínú cache, ó sì ń ṣẹlẹ̀, pàápàá pẹ̀lú cache kékeré bíi 512KB. Má wo ìdá inú htop. Ó lè sọ pé ìdajì ẹ̀rọ ṣófo nígbà tí core ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kernel láti 4.19 jẹ́ kó o lè pa á kó o sì tàn án láì tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀:

`echo off | sudo tee /sys/devices/system/cpu/smt/control`

Fi `on` rọ́pò `off` bó o bá fẹ́ kó padà. N270 ni kó o ti dán an wò o, lórí Core 2 Duo tìrẹ `notsupported` ni wàá rí bó o bá ka fáìlì yẹn.

#23 akọ̀wé_ẹgbẹ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 9:55 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti padà dé. Tar náà kò tó 40MB, `-9` tí mo ń lò látọjọ́ yìí, àwòkọ lásán ni, mo rí i nínú àpẹẹrẹ kan ni mo ṣe kọ ọ́. Mo ti yí i sí 6, mo sì fi CPUQuota sí i. Xz ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ owó ìdásílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá wọlé tán, nọ́ńbà ń jáde bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìdìpọ̀ náà ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mi ò dúró dè é.

Mo pa Hyper-Threading wò lálẹ́ àná pẹ̀lú àṣẹ tí ọmọ_onídìrí kọ, mo wo iye iná nínú powertop, mo tún tàn án padà, mo tún wò ó. Nọ́ńbà náà ń lọ sókè sódò lọ́nà tí mi ò fi lè mọ ti èwo ni. Nígbà tí mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù, ó sọ̀ kalẹ̀ lójú mi báyìí. Mo fi Hyper-Threading sílẹ̀ ní títàn.

Ìbéèrè kan ló kù: Debian 13 ńkọ́?

#24 àgbà_kernel (10:08 alẹ́)

N270 kì í ṣe 64-bit, Debian 13 kò sì ní kernel tàbí ètò ìfisórí fún 32-bit i386 mọ́. Ẹ dúró sórí 12. Àwọn tó ń ṣe LTS (ìtọ́jú fún ìgbà pípẹ́) á máa tọ́jú rẹ̀ títí di oṣù kẹfà 2028. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ máa wá N450 tàbí èyí tó tún lọ sókè, ìyẹn ní 64-bit, Hyper-Threading sì wà nínú rẹ̀.

#25 ìsọ̀_lápútọ́ọ̀pù (10:30 alẹ́)

Àǹtí, inú mi dùn pé ó yanjú. Netbook mẹ́rin tó ní Atom àtijọ́ ló wà ní ìsọ̀ mi lọ́wọ́ báyìí, mo ti fi `nosmt` (àṣẹ tó ń pa Hyper-Threading) sí GRUB (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà) mẹ́ta nínú wọn. Ní àárọ̀ ọ̀la, màá ka fáìlì vulnerabilities lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá kọ `Not affected`, màá yọ `nosmt` rẹ̀ kúrò kí olówó rẹ̀ tó wá gbé e.